Ṣé ọ̀gá lè gé owó oṣù èèyàn torí pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́?

Rárá o, ní Nàìjíríà òfin ò gbà kí ọ̀gá gé fáìnì kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ torí pé o pẹ́ dé tàbí torí pé o ò wọ yúnífọ́ọ̀mù. Abala 5 nínú Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ló sọ bẹ́ẹ̀, kódà tó bá wà nínú ìwé tẹ́ ẹ jọ sáìn níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin ò fọwọ́ sí i, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríṣẹ́ ò mọ̀, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sáìn.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí àìbìkítà rẹ̀ mú kí ọ̀gá pàdánù, wọ́n lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, àmọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ lébọ̀ ọ́físà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í ṣe kó kàn dédé yọ ọ́. Gbogbo owó tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Owó orí àti pẹ́ńṣàn kì í ṣe fáìnì o, ìyẹn ní òfin tiẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ kíláàkì ni Labour Act wà fún. Tó o bá jẹ́ mánéjà tàbí lọ́yà, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ wò.