Kí àbúrò yín tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sérbíà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 17, ejẹ́ǹtì kan sì ní kẹ́ ẹ kówó wá kóun fi mú un lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Partizan ní Belgrade, olú ìlú Sérbíà. Mo gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kẹta líìgì Sérbíà, lápá Novi Sad, ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ti tó láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. FIFA kì í gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè forúkọ ọmọ tí kò tíì pé 18 sílẹ̀, àfi láwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, ọmọ tó ń ti Nàìjíríà lọ tìtorí bọ́ọ̀lù kò sì sí nínú wọn.

Kò sí ejẹ́ǹtì tí kì í dárúkọ Partizan tàbí Crvena zvezda, ìyẹn Red Star tó fi pẹnáritì na Marseille gba ife Yúróòpù ní 1991. Lóòótọ́ làwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n gbà dé ibẹ̀: Taribo West ti gbá fún Inter àti Milan kó tó dé Partizan, Roma ni Umar Sadiq ti lọ, Peter Olayinka tiwa sì ti dára ní Slavia Prague kí Zvezda tó mú un ní 2023. Ta ni wọ́n gbé láti pápá àdúgbò nínú wọn?

Ibi tí wọ́n ń kó irú wa lọ ni Srpska liga, ìpele kẹta yẹn, láwọn ìlú kéékèèké. Òfin FIFA ní bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, kó kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15. Bí wọn ò bá san, ó lè já àdéhùn náà. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tèmi, àdéhùn wo? Wọ́n forúkọ mi sílẹ̀ bí ẹni tó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù ṣeré, inú àpòòwé lowó ti ń wá, nígbà tó bá wù wọ́n. Nígbà òtútù tí líìgì bá sinmi, kọ́bọ̀ ò wọlé, yìnyín sì bo gbogbo pápá. Ìwé tí mo fọwọ́ sí, èdè Sérbíà ni látòkè délẹ̀.

Bí ejẹ́ǹtì náà bá tún ní Jámánì ò jìnnà síbẹ̀, Sérbíà ò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù o. Físà Sérbíà ò lè mú yín kọjá ẹnubodè Họ́ngárì tó wà nítòsí ibẹ̀.

(Ká ní àbúrò yín dé Belgrade lọ́jọ́ kan, kó lọ wo Zvezda àti Partizan. Pápá méjèèjì ò jìnnà síra wọn rárá. Kó má ṣáà wọ pupa, àwọ̀ Zvezda, lọ jókòó sáàárín àwọn Grobari, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ Partizan.)

Ẹ wo orúkọ ejẹ́ǹtì yẹn lórí ìkànnì FIFA bóyá ó níwèé àṣẹ. Ẹ gba orúkọ ẹgbẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìméèlì sí wọn fúnra yín. Ní ti owó, ẹ má san kọ́bọ̀: ẹgbẹ́ tó bá nílò agbábọ́ọ̀lù ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.