Èsì: Ẹ dúnàádúrà kí owó àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì san owó àsansílẹ̀ tí oníṣòwò ọkọ̀ Èkó yẹn ń béèrè lórí Mustang tuntun (ọkọ̀ Ford) tí ẹ fẹ́ kó dé Adó, torí pé bí owó bá ti wọ àpò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò mú un yọ kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ gba iye owó lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò méjì mìíràn, lórí Mustang tí ó ní irú ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ẹ fi han ti Èkó yẹn.

Ìyẹn yóò ṣiṣẹ́ bí irú ọkọ̀ náà bá wà nílẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe níwọ̀nba, ẹ gbàgbé ẹ̀dínwó. Owó ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e wá sí Adó ni kí ẹ ní kí wọ́n bá yín san (ìsàlẹ̀ Mustang súnmọ́ ilẹ̀ jù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wà á wá), pẹ̀lú owó nọ́ńbà ọkọ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti dọ́là, torí bí ó bá wọ́n sí i, wọ́n lè fẹ́ fi owó kún iye ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iye náírà tí ẹ jọ fẹnu kò sí kò ní yí padà kí ọkọ̀ tó dé, àti pé VAT (owó orí ọjà) ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.