Jugendweihe: ọjọ́ tí ọmọ ọdún 14 di ẹni à ń kí ní "ẹ"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leipzig ni mò ń gbé láti bí ọdún méjì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí a jọ wà níbi iṣẹ́ ní kí n wá síbi Jugendweihe ọmọ òun lóṣù karùn-ún. Mo bi í bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Ẹlòmíràn tó wá láti ìwọ̀ oòrùn Jámánì ní nǹkan àwọn kọ́múníìsì ni, pé tó bá jẹ́ òun, òun kò ní í lọ. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an? Ẹ̀sìn ni àbí òṣèlú? Kí sì ni kí n mú dání?

Ìdáhùn: Ẹ lọ o, ẹ má kọ ìpè yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ará Jámánì ń pè wá sílé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọjọ́ ńlá ọmọ wọn. Ní ti àwọn méjèèjì tó dá yín lóhùn, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ tán.

"Jugend" ni ìgbà èwe tàbí àwọn ọ̀dọ́. "Weihe" ni ìyàsímímọ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò bí wọ́n bá ń ya ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sọ́tọ̀ tàbí tí wọ́n bá ń sọ ẹnìkan di àlùfáà. Nítorí náà, ìyàsímímọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni. Àwọn tí kò ní pẹpẹ ló mú ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, wọ́n sì gbé e wọ inú gbọ̀ngàn. Kì í ṣe èèṣì.

Ayẹyẹ náà ti wà kí kọ́múníìsì kankan tó jókòó sórí àga ìjọba ní Jámánì. Àwọn ìjọ kan tó yapa kúrò lára ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba láàárín ọ̀rúndún 19 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Eduard Baltzer, pásítọ̀ ní ìlú Nordhausen, ti ń lo orúkọ náà ní 1852. Láyé ìgbà yẹn, ìgbọ́wọ́lé, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí kọnfamáṣọ̀n, ni ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jáde nílé ìwé lọ síbi iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbà á, wọ́n ń ṣe é, títí tí ìjọba Hitler fi tẹ̀ ẹ́ pa.

Lẹ́yìn ogun ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ní 1949, Jámánì di orílẹ̀-èdè méjì, bí ọmọ bàbá kan náà tó pín sí ìdí ìyá méjì, orogún sì ni àwọn ìyá náà: Amẹ́ríkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lápá kan, Rọ́ṣíà Sófíẹ́ẹ̀tì lápá kejì. Lápá ìwọ̀ oòrùn, owó tuntun jáde lóṣù kẹfà 1948, owó ìrànwọ́ Marshall ń wọlé láti Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń bára wọn du ìbò, ilé iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Wọn kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀ṣì. Kódà ìjọba ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ títí di òní, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sì wà nílé ìwé gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ náà ti wí. Ọmọ ọdún 14 níbẹ̀ ṣe kọnfamáṣọ̀n bí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe é.

Lápá ìlà oòrùn, SED, ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba, gba ilé iṣẹ́, ó pín ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá, ó gba ìwé ìròyìn àti rédíò. Ilé ńlá kan ṣoṣo tí kò rí gbà ni ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ogun, nínú ènìyàn 100 níbẹ̀, ó ju 80 lọ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Luther àti àwọn tó bá wọn tan. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ọmọ ọdún 14 a wọ aṣọ dúdú, wọn a lọ kúnlẹ̀ níwájú pásítọ̀. Ìjọba tó ní òun fẹ́ tún ènìyàn mọ láti ìpìlẹ̀ kò lè máa wò ó níran.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ni pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ fòfin de Jugendweihe ní nǹkan bí 1950, nítorí pé kò tíì fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì fa wàhálà. Ìgbà tí Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, kú ní 1953, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì dìde sí ìjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún kan náà, ni ọgbọ́n tuntun dé. Ní 1954 wọ́n pinnu láti gbé e dìde. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1955, wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní ìlà oòrùn Berlin. Àwọn ọmọ tó ṣe é lọ́dún náà kò tó 20 nínú 100. Bíṣọ́ọ̀bù Otto Dibelius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ṣe Jugendweihe kò ní í gba ìgbọ́wọ́lé.

Òbí wá wà láàárín méjì. Ní oṣù kẹsàn-án 1957, Walter Ulbricht tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ lọ sọ̀rọ̀ ní Sonneberg, ó ní gbogbo ọmọ pátá ló yẹ kó ṣe é. Láti ìgbà yẹn, tíṣà ń wá sílé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń pe bàbá sí kọ̀rọ̀. Kò sí òfin tó sọ ọ́ di dandan, ìwé ò sì jáde pé wọ́n á fìyà jẹ ẹni tí kò ṣe é. Wọ́n kàn ń béèrè pé ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín dé yunifásítì ni. Nígbà tó fi di 1959, ó ti tó 80 nínú 100. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá 90, kò sì padà wálẹ̀ mọ́ títí ìjọba náà fi wó. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ rẹ̀: ó gbà kí ọmọ ṣe ti ìjọba, kó sì wá gba ìgbọ́wọ́lé lẹ́yìn ọdún kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìjọba náà rèé. Kí ọjọ́ tó pé, àwọn ọmọ a lọ fún ẹ̀kọ́ pàtàkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: wọn a lọ wo ilé iṣẹ́, wọn a lọ sí Buchenwald tàbí irú àgọ́ ìfìyàjẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí Hitler ṣe, wọn a sì gbọ́ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ láìsí Ẹlẹ́dàá nínú rẹ̀. Ẹ rí i, kíláàsì kátíkísìmù ni wọ́n yí padà. Lọ́jọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn tàbí tíátà, orin á dún, ẹni ńlá kan á sọ̀rọ̀ gígùn tí ọmọ kankan kò gbọ́, wọ́n á sì ka ẹ̀jẹ́ náà. Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ja, das geloben wir!" Ìyẹn ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jáde sórí pèpéle ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọmọdé á fún wọn ní òdòdó, ìjọba á sì fún wọn ní ìwé ńlá kan nípa ojú ọ̀run, ilẹ̀ ayé àti ọmọ ènìyàn, tí Ulbricht kọ ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀. Níbi tí Bíbélì kékeré ti máa ń wà ni ìwé yìí wà.

Ẹ̀jẹ́ náà kò dúró lójú kan, ẹni tó bá sì kà á léra á rí òṣèlú ilẹ̀ náà níbẹ̀. Ti 1955 ṣì ń sọ̀rọ̀ Jámánì kan ṣoṣo tó wà ní ìṣọ̀kan àti àlàáfíà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan pòórá nínú rẹ̀. Ti ìparí àwọn ọdún 1960 ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìlà oòrùn nìkan, fún sósíálíìsì, àti fún ọ̀rẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí, ó sì dá mi lójú pé yóò wọ ẹ̀yin náà lára. Èdè Jámánì ní "du" àti "Sie" bí a ṣe ní "o" àti "ẹ". Láyé ìjọba ìlà oòrùn, lẹ́yìn Jugendweihe, bí ọmọ bá wọ kíláàsì 9, tíṣà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi "Sie" bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sáà wò ó: tíṣà tó ń jágbe mọ́ ọ lóṣù keje, "Jókòó jẹ́ẹ́!", yóò dé lóṣù kẹsàn-án, yóò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó." Lọ́dọ̀ tiwa, àfi tí ọmọ ọdún 14 bá jọba kó tó gbọ́ "ẹ" lẹ́nu tíṣà. Ọ̀pọ̀ tíṣà tiẹ̀ ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì bóyá kí àwọn máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn a sì ní kí tíṣà jẹ́ kó wà bó ṣe wà, nítorí ó ń tì wọ́n lójú. Ọdún 14 náà ni wọ́n ń gba káàdì ìdánimọ̀ nígbà náà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ilé. Bí wọ́n bá ti kúrò ní gbọ̀ngàn, ẹ̀jẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá, àwọn àbúrò ìyá, ìyá àgbà, gbogbo wọn jókòó ti kéèkì àti kọfí, ọmọkùnrin wọ kóòtù àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹnìkan á bu ọtí díẹ̀ fún un níwájú bàbá rẹ̀, owó á sì máa wọlé nínú ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀pù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti mọ iye tí alùpùpù kékeré Simson ń jẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Nínú ilé báyìí ni nǹkan náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ gbà á lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé sì gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láì pariwo.

Síbẹ̀, n kò bá àwọn tó ní àríyá lásán ni nígbà náà pé ohùn pọ̀. Àwọn ọmọ tó kọ̀ ọ́ wà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ pásítọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé ìwé gíga mọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Angela Merkel tó padà di olórí ìjọba jẹ́ ọmọ pásítọ̀ níbẹ̀. Kò ṣe Jugendweihe, ó gba ìgbọ́wọ́lé, àmọ́ ó wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ìjọba. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń fọgbọ́n rìn nìyẹn. Pásítọ̀ Oskar Brüsewitz kò fọgbọ́n rìn ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1976, ó dáná sun ara rẹ̀ nígboro Zeitz, ó gbé àkọlé dání pé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ̀sùn kan kọ́múníìsì lórí ohun tí wọ́n ń fi ojú àwọn ọmọ rí nílé ìwé.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ kọ́múníìsì ni irú nǹkan yìí ti ràn. Ní Pólándì, wọ́n kọ́ ìlú tuntun kan, Nowa Huta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kraków, wọn kò fi àyè ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Ní 1960 àwọn òṣìṣẹ́ bá ọlọ́pàá jà lórí àgbélébùú tí ìjọba fẹ́ wú níbẹ̀. Ní 1977 ṣọ́ọ̀ṣì ńlá dúró níbẹ̀, ẹni tó sì yà á sí mímọ́ ni Karol Wojtyła, tó di póòpù lọ́dún kejì. Àmọ́ ní ìlà oòrùn Jámánì, nígbà tí ògiri Berlin fi wó ní 1989, bí ìdámẹ́rin àwọn ará ibẹ̀ péré ló ṣì jẹ́ ọmọ ìjọ Luther. Síbẹ̀ náà, ṣọ́ọ̀ṣì Nikolai nínú ìlú yín ni àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà ní Mọ́ńdè kí wọ́n tó tú sígboro láti kọ ìjọba náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró níta ti ṣe Jugendweihe.

Wọ́n rò pé á kú pẹ̀lú ìjọba tó gbé e dìde. Kò kú. Ẹ̀jẹ́ lọ, ìwé ìjọba lọ, àwọn ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn ló ń ṣètò rẹ̀ báyìí, òbí ló ń sanwó rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní JugendFeier. Òbí tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìran méjì, ibo ni kó mú ọmọ rẹ̀ lọ? Ìwọ̀ oòrùn kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí ẹni yín tó wá láti ìwọ̀ oòrùn fi ń bojú jẹ́.

Ní ti ohun tí ẹ máa mú dání: káàdì tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí fúnra yín, owó níwọ̀nba agbára yín nínú rẹ̀, àti òdòdó fún ìyá ọmọ. Ẹ má lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí o, kódà bí orin bá dùn. Ẹ wọṣọ dáadáa, kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ tètè dé, àkókò tó wà lórí ìwé ìpè ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ "du" lẹ ń pe ọmọ náà tẹ́lẹ̀, "du" náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ẹ pè é ní "Sie" lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń sọ.