Táyà ńlá ń ha jíìpù mi, ṣé kí n gé fẹ́ńdà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. 4Runner 1999 ni mò ń lò, Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé, àmọ́ oko wa wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà oko ṣe máa ń rí tí òjò bá ti dé. Ni mo bá ní kí wọ́n yọ táyà 265/70R16 tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi 285/75R16 sí i. Àtìgbà náà, tí mo bá ti yí sitíárìn dé ìpẹ̀kun, pàápàá tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn, á máa dún gìrìrì lẹ́sẹ̀ iwájú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ gé fẹ́ńdà, mẹkáníìkì mi ní kí n gbé ọkọ̀ sókè. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé máṣìnì sí i. Panẹbítà ni mí, tẹ́ ẹ bá ní kí n gé e owó ló máa wọlé fún mi, àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe fẹ́ńdà tẹ́ ẹ ń rí níta yẹn ló ń kan táyà.

Táyà yín àtijọ́, látìsàlẹ̀ dókè, bíi mìlímítà 777 ni, tuntun yìí ń lọ sí 834. Ìyẹn ni pé láti àárín rímù, táyà ti fi bíi mìlímítà 28 gùn sí i yípo, sókè, síwájú, sẹ́yìn, ó tún wá fẹ̀ jùyẹn lọ ní 20. Tẹ́ ẹ bá ti yí sitíárìn dé ìpẹ̀kun, èjìká táyà á fì sẹ́yìn, á lọ kan ibi tí páànù méjì ti pàdé lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, lápá ibi tí dírẹ́bà ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló jó méjèèjì pọ̀, ó wá yọ etí jáde bí etí aṣọ tí télọ̀ ṣẹ́. Etí yẹn ni mo fura sí.

Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì funfun, ẹ fi kun èjìká táyà méjèèjì níwájú, nínú àti níta, kó funfun dáadáa. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ní gbangba, ẹ yí i dé ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún, ẹ yí i sósì, ẹ fi ẹ̀yìn rìn, kẹ́ ẹ wá gun nǹkan tó ga díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ibẹ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ nìkan la fẹ́ bá wí.

Tó bá jẹ́ ike abẹ́ fẹ́ńdà tàbí rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀ ló kàn, ọ̀bẹ lásán tó o. Kẹ́ ẹ tún kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó mọ alàínmẹ́ǹtì dáadáa, ó lè ti ẹsẹ̀ náà síwájú díẹ̀, nígbà míì ariwo náà á dín kù gan-an láìgé nǹkankan.

Tó bá wá jẹ́ etí irin yẹn, a kì í gé e dànù pátápátá, torí òun ló di páànù méjèèjì mú. A máa ha gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ kúrò, a ó là á lójú mélòó kan bí ìgbà téèyàn ń la etí páálí kó lè ká, a ó wá fi òòlù lù ú lẹ̀ mọ́ ara, ká jó ojú gígé yẹn díẹ̀díẹ̀, ká kun pẹ́ńtì tó ń dènà ìpatà, ká wá fi gọ́ọ̀mù dí i padà. Kí iná tó kàn án, ẹ rí i pé wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n sì ká kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú omi. Páànù ọkọ̀ ò nípọn tó mìlímítà kan, tí wọ́n bá fi gáàsì kábáàdì jó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró, á wú bí àkàrà.

Mẹkáníìkì yín náà ò purọ́, gbígbé e sókè wúlò, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá já sí kòtò, sìpíríǹgì á fún pọ̀, táyà á padà síbi tó ti ń ha tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ fi irin tó ń ti rímù síta sí i, ẹ má dá a lóhùn, ńṣe ni táyà máa fì gbòòrò sí i.

Ẹ̀yìn lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Awẹ́ méjì ni páànù orí táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n bá gé tòde, àfi kí wọ́n jó o padà mọ́ tinú. Oníbàárà mi kan gbé Pathfinder wá, ẹni tó gé e fún un kàn fi fílà (ìyẹn pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara páànù) dí i ni, ó sì kun pẹ́ńtì tó ń dán lé e lórí. Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì dáwọ́ dúró tí omi ti kún búùtù, àpò gààrí méjì tó rà lọ́jà Igbónà ti di ẹ̀bà tútù.

Kí n tó gbàgbé, tí míìtà bá ń pe 100 báyìí, 107 lẹ̀ ń sá o. Tó bá wá jẹ́ òkè fẹ́ńdà gan-an ni ṣọ́ọ̀kì lẹ̀ mọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, torí iṣẹ́ míì nìyẹn.