Ápù ní òun ò gba kọ́bọ̀, owó mi ò pé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ gráfíìkì ni mò ń ṣe ní Tánkè níbí, USDT, kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí iye ẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ni oníbàárà mi tó wà lókè òkun fi ń sanwó fún mi. Mo ta 300 lórí ápù kan tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀ pé àwọn ò gba kọ́bọ̀. 1,500 ni réètì níta lọ́jọ́ yẹn, mo wá ń retí 450,000, ohun tó wọ àkántì mi ò súnmọ́ ọn. Ṣé wọn ò ti rẹ́ mi jẹ báyìí? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní màá san owó-orí lórí gbogbo 300 yẹn. Ṣé lórí èrè kọ́ ni? (Oníṣẹ́ gráfíìkì, Tánkè)

ÈSÌ: Àbúrò, wọn ò jalè, ṣùgbọ́n wọn ò sọ òótọ́ tán náà. Ápù tó bá ní òun ò gba kọ́bọ̀, inú réètì ló ti ń mú tiẹ̀. Iye tó fi ń rà lọ́wọ́ ẹ yàtọ̀ sí iye tó fi ń tà fún ẹlòmíì, àárín méjèèjì ló ti ń jẹun. Ká ní 1,470 ló fi ra tìẹ, 30 náírà ti lọ lórí ẹyọ kan nìyẹn, 300 ẹ̀ á wá jẹ́ 9,000, bẹ́ẹ̀ o ò ní rí 9,000 yẹn níbi kankan lórí rísíìtì. Èmi ò kí ń fẹ́ràn ápù tó ń pariwo ọ̀fẹ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gba tiwọn lójú mi kí réètì sì dáa. Kó o tó tẹ̀ ẹ́ pé o fẹ́ tà, wo iye náírà tó máa dé báńkì gan-an, fi wé ti ápù míì, nọ́ńbà yẹn nìkan ni kó o gbà gbọ́.

Àwọn yòókù kéékèèké ni. Tó o bá ń gbé USDT látinú wallet (àpò tó o ń kó kọ́ìnì sí) lọ sórí ápù, owó tí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà tí kọ́ìnì ń gbà kọjá bíi Tron àti Ethereum, ń gbà yàtọ̀ síra, ṣáà rí i pé nẹ́tíwọ̀kì tí ápù yẹn sọ lo lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ìnì lè sọnù. Tí náírà bá ń lọ láti báńkì kan sí òmíì, 10 náírà ni báńkì lè gbà tí kò bá ju 5,000 lọ, 25 tó bá dé 50,000, 50 tó bá ju bẹ́ẹ̀. 50 náírà owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní stamp duty tún wà lórí 10,000 sókè, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án látìgbà tí 2026 ti wọlé. VAT náà wà, 7.5%, àmọ́ orí owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ ló wà, tí wọ́n bá gba 1,000, 75 náírà ni. Ẹni tó bá ní wọ́n á yọ 7.5% lára 450,000 ẹ ń dẹ́rù bà ẹ́ lásán ni.

Ó wá ku owó-orí. Ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́ lórí tìẹ o, torí owó iṣẹ́ ẹ ni USDT yẹn. Iye náírà tó jẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé, owó tó o pa nìyẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó o bá fi pamọ́, tó wọ́n sí i kó o tó tà á, èrè ni owó tó lé lórí ẹ̀, ìyẹn náà ní owó-orí tiẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 10% ni òfin 2023 fi sórí èrè kọ́ìnì. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ti da èrè yẹn pọ̀ mọ́ owó tó kù tó ń wọlé fún ẹ: 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ọ̀fẹ́ ni, 2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e 15%, lẹ́yìn ìyẹn 18%, ó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 25%. Ká ní lẹ́yìn tó o ti yọ owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, 2.4 mílíọ̀nù ló kù lọ́dún, 1.6 mílíọ̀nù ni wọ́n á ká 15% sí, 240,000. Tó o bá tún jèrè 200,000 lórí kọ́ìnì, 30,000 lé e. O lè yọ owó tí ápù gbà kúrò nínú èrè yẹn kó o tó ṣírò. Tó o bá pàdánù lórí kọ́ìnì, ara èrè kọ́ìnì nìkan lo ti lè yọ ọ́, kò kan owó gráfíìkì. KW-IRS, àjọ tó ń gba owó-orí ní Kwara, lo máa san án fún torí Kwara lò ń gbé, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni gbèdéke àtifi ìwé ẹ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀ffà ni mo ti ń ta aṣọ. Mo máa ń ra USDT láàárọ̀, mo fi ń sanwó fún àwọn tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn ní Ṣáínà tó bá dìrọ̀lẹ́. Èmi ò ta kọ́ìnì, ṣé owó-orí kàn mí? (Ìyá aláṣọ)

ÈSÌ: Màmá, ẹ kú ọjà o. Lójú òfin, tí ẹ bá ti fi san nǹkan, ẹ ti yọ ọ́ lọ́wọ́ yín, ó dà bíi pé ẹ tà á. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ rà láàárọ̀ tẹ́ ẹ ná nírọ̀lẹ́, èrè wo ló fẹ́ wà lórí ẹ̀? Èrè aṣọ ni owó-orí yín wà. Rísíìtì ápù ni kẹ́ ẹ má jù nù, torí owó ọjà yín ló wà níbẹ̀. Tí kò bá sí ìwé, owó ńlá ńlá tó ń gba inú àkántì yín kọjá ni òṣìṣẹ́ owó-orí máa rí, wọ́n sì láṣẹ láti fojú bù ú fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ mọ̀ pé mo ní kọ́ìnì? P2P ni mò ń ṣe, èmi àti ẹni tó ń rà la jọ ń sanwó fúnra wa tààrà. (Ọ̀mù-Àrán)

ÈSÌ: Ápù fúnra ẹ̀ ló máa sọ. Òfin ìṣàkóso owó-orí tuntun ní kí wọ́n máa fi orúkọ oníbàárà àti ohun tó tà ránṣẹ́, tí wọ́n bá kọ̀, 10 mílíọ̀nù náírà ni owó ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Wọn ò ní gba ìyẹn sọ́rùn nítorí ẹ. Lórí P2P ńkọ́, báńkì tó mọ BVN ẹ ni owó ń gbà, èmi ò tiẹ̀ bẹ̀rù owó-orí níbẹ̀ tó owó olè, torí tí owó tí wọ́n san fún ẹ bá jẹ́ owó tí wọ́n jí, àkántì tìẹ ni wọ́n máa tì. Ápù tí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, mọ̀ ni kó o lò, August 2024 ni wọ́n ti fọwọ́ sí Busha àti Quidax ní ìbẹ̀rẹ̀, báńkì náà sì ti láṣẹ láti ṣí àkántì fún irú wọn láti December 2023. Tó bá jẹ́ P2P ló wù ẹ́ ṣáá, wo orúkọ tó wà lórí owó tó wọlé, tí kò bá bá orúkọ orí ápù mu, má fi kọ́ìnì sílẹ̀.