Kí ló dé tí 91 kì í ṣe prime?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ mi ní JSS 1 níbí ní Kabba kọ ọ́ nínú tẹ́sìtì pé 91 àti 1 jẹ́ prime, ìyẹn nọ́ńbà tí 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan lè pín, wọ́n sì fagi lé méjèèjì. Èmi náà ò rí ohun tó pín 91. Báwo ni mo ṣe lè máa yẹ̀ ẹ́ wò fún un láìlo kalikulétọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, màmá. Ẹ má bá ọmọ yẹn wí o, 91 ti tan ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ní Ìsánlú jẹ, torí tábù tí wọ́n há sórí kì í kọjá 12, bẹ́ẹ̀ 7 lọ́nà 13 ló ń jẹ́ 91.

Ẹ fún un ní kóró kaṣú 12 kó tò ó sí ìlà tó dọ́gba, á rí ìlà méjì tó ní mẹ́fà-mẹ́fà, á tún rí ìlà mẹ́ta tó ní mẹ́rin-mẹ́rin, composite nìyẹn, nọ́ńbà tí nǹkan míì yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra ẹ̀ tún lè pín. Ẹ wá fi ẹyọ kan kún un kó di 13, bó ṣe wù kó tò ó á máa ṣẹ́ kù, àfi tó bá tò gbogbo ẹ̀ sójú ìlà kan. Prime nìyẹn.

Ti 1 ńkọ́? Prime gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì géérégé tó lè pín in, ìyẹn 1 àti òun fúnra ẹ̀, 1 ò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo la lè gbà tú 12 sí prime, 2×2×3, tá a bá wá gba 1 wọlé, ẹnì kan á kọ 1×2×2×3, ẹlòmíì á kọ 1×1×2×2×3, kò ní lópin. Lójú tèmi, òfin yẹn dùn ju kéèyàn bà á jẹ́ lọ.

Tí nọ́ńbà ò bá ti tó 121, 2, 3, 5 àti 7 nìkan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, torí 11×11 ni 121, composite tí ò bá tó o gbọ́dọ̀ ní prime tó kéré sí 11 nínú. 2 àti 5, ẹ wo fígọ̀ tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn. 3, ẹ ro àwọn fígọ̀ ẹ̀ pọ̀: 57, 5 àti 7 jẹ́ 12, 3 pín 12, ó ti tán. 7 ló gba sùúrù: ẹ yọ 70 kúrò nínú 91, ó ku 21, 7 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yọ 70 nínú 97, ó ku 27, 7 ò wọ̀ ọ́, 2, 3 àti 5 náà ò pín 97, prime ni.

Kó wá ko gbogbo prime jọ láti 1 dé 100, kó má gbàgbé 2 o, òun nìkan ni prime tó jẹ́ nọ́ńbà onídọ́gba. 25 ló yẹ kó bá. Tó bá lé, ẹ kọ́kọ́ wo 51, 57, 87 àti 91, àwọn ló máa ń yọ́ wọlé.