Fíùsì Kọ́ Ló Bàjẹ́, Wáyà Ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo máa ń gun máṣíìnì láti Ẹ̀fọ̀n wá sí Adó lálaalẹ́, kùrukùru orí òkè yẹn kì í jẹ́ kí n ríran dáadáa. Ni mo bá so iná LED méjì mọ́ ọn, 20 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíùsì áḿpù 10 jó lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀ ní kọ́nà. Rewáyà fi 30 sí i, kò jó mọ́, àmọ́ mo ń gbóòórùn rọ́bà. Ṣé kí n pààrọ̀ bátìrì ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi bátìrì sílẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Fíùsì 30 yẹn ni kí ẹ yọ, lónìí, kí ẹ tó tún gun máṣíìnì náà.

Wọ́n á ní bí fíùsì bá ti ń jó, ó kéré ni. Irọ́ ni! Fíùsì kò sí níbẹ̀ torí iná yín, torí wáyà ló ṣe wà níbẹ̀. Iná méjèèjì jẹ́ 40 wáàtì. Ẹ fi 12 pín in, áḿpù mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Kí ló wá ń jó 10? Wáyà ti bó níbì kan, ó ń kan irin. Fíùsì 10 pupa tó jó yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. 30 aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò ní jó títí wáyà tín-ín-rín náà yóò fi yọ́, abẹ́ táǹkì epo sì ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ sáábà máa ń gbà kọjá. Ti àwọn tó ń fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíùsì tún wá burú jùyẹn lọ.

Ẹ̀yin náà ti sọ ibi tó wà: ìgbà tí ẹ bá yí ọwọ́ ni. Ọrùn máṣíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tú iná méjèèjì kúrò lẹ́nu wáyà, ẹ fi gílóòbù bíréèkì àtijọ́ kan dípò fíùsì, ẹ tan súwíìṣì, kí ẹ wá máa yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn, wáyà ti kan irin nìyẹn.

Ẹ má kàn fi téèpù wé e o. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà sí 1.5 mm² tó ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ nínú, kì í ṣe wáyà ilé tó le gbagidi. Ẹ ti wáyà náà bọ inú ọ̀pá rọ́bà, kó sì dẹ̀ tó bí ọwọ́ bá yí dé òpin. Fíùsì 5 ti tó, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni kó wà, torí kò sí ohun tó ń ṣọ́ wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi rìléè sí i (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn), nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ nìwọ̀nyí, kì í ṣe áḿpù: 30 sí fíùsì, 87 sí iná, 85 sí irin, 86 sí súwíìṣì tó ń gba iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn nìkan.

N kò fojú rí máṣíìnì yín ṣá. Bí wáyà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ bá ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ gbé e lọ fún rewáyà tó ní mítà, kì í ṣe ẹni tó fún yín ní 30.